Bí a ṣe ń fi mítà pH kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wọn aspirin inú oògùn

Ẹ mú oníbàárà méjì dúró níwájú àdìrẹ kan ní Ìtòkú: ọ̀kan á ní aró rẹ̀ ti mu jù, èkejì á ní kò tíì mu tó. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi l'Abẹ́òkúta ṣe máa ń jiyàn lórí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí phenolphthalein, èròjà tó ń fi àwọ̀ sọ pé ásíìdì ti tán, ń yọ, pàápàá tí sítáàṣì inú oògùn bá ti sọ omi di funfun bí omidùn. Mítà pH, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí omi ṣe kan tó, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ẹ kọ́kọ́ fi báfà (omi tí a ti mọ pH rẹ̀) 4, 7 àti 10 tún mítà ṣe. Èyí tó ń lo bátìrì ló dáa. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Orí ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá mítà tí a ń kì bọ omi, ẹlẹgẹ́ bí èèpo ẹyin ni. Ọ̀pá tó ń po omi ti fọ́ ọ̀kan mọ́ mi lọ́wọ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn. Inú omi potassium chloride ni ká máa tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe omi distilled. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ wọn horo aspirin 20, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná, kí ẹ bu ìwọ̀n ìyẹ̀fun tó ní 300 mg aspirin. Ẹ pò ó mọ́ 20 mL ethanol, ẹ bu 50 mL omi distilled lé e. Ẹ má gbé e kaná o! Tó bá gbóná, aspirin á tú, ásíìdì mìíràn á jáde, èsì á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Inú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tó ní ìlà ìwọ̀n, ni sodium hydroxide 0.1 M tó máa pa ásíìdì aspirin máa wà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi potassium hydrogen phthalate, ásíìdì tí a lè wọn láìṣì, mọ agbára rẹ̀ gan-an.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa da 1 mL rẹ̀ sínú omi aspirin lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kàn mọ ibi tí pH ti fò. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí wọ́n sáré dé 15 mL, kí wọ́n wá máa kán 0.1 mL, kí wọ́n dúró títí nọ́ńbà á fi fìdí kalẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọ́n á kùn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi ya gíráàfù pH àti mL tí wọ́n dà: ibi tó ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù lọ lòpin, níbi tí ásíìdì ti tán.

1 mL sodium hydroxide yẹn ń bá 18.02 mg aspirin dọ́gba. Tí ẹgbẹ́ kan bá dúró ní 16.4 mL, 295.5 mg nìyẹn, ìdá 98.5 nínú 100 ohun tí páálí kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n wo pH ní 8.2 mL, ìdajì ọ̀nà. Nínú omi lásán, nǹkan bíi 3.5 ló yẹ kí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ethanol á tì í sókè díẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó fọ ẹlẹ́kítíróòdù.