Bí Mo Ṣe Yan Lẹ́fẹ́lì Oníná fún Ràífù Mi

Odidi ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́, láìmọ̀ pé ìbọn mi ló ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Houston ní Texas ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n pápá tí a ti ń yìnbọn wà ní ilẹ̀ olókè tí wọ́n ń pè ní Hill Country, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò. Irú ìdíje tí à ń ṣe níbẹ̀ ni èyí tí Precision Rifle Series, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń ṣe káàkiri Amẹ́ríkà. Wọ́n á to àwo irin sórí òkè lọ́tùn-ún lósì, òmíràn ní 300 yáàdì, òmíràn ní 1,000. Wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tàbí méjì, wọ́n á ní kí o yìn ín láti orí táyà, láti ojú fèrèsé onípákó, láti orí àkàbà. Kò sí àyè láti máa tún ara tò. Bí o bá ṣe bá ara rẹ ni wàá ṣe yìn ín.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni mo dùbúlẹ̀ sí. Àwo kan tó fẹ̀ ní íǹṣì 12 wà ní 700 yáàdì, òun ni mo dójú ìbọn kọ. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kọjá, eruku sọ lẹ́yìn. Mo ní afẹ́fẹ́ ni, mo sún ojú ìbọn sọ́tùn-ún. Ìgbà tó wá kan ibùdó kejì, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀tún ni ọta ń bọ́ sí. Ọkàn mi dàrú.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ nínú eré yìí jù mí lọ, dúró lẹ́yìn mi tí ó ń fi awò wo ibi tí ọta ń bà.

"Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ òní yìí ò ṣeé gbọ́kàn lé o," ni mo wí.

"Afẹ́fẹ́ wo, àbúrò? Ṣé o ò rí koríko ni? Kò mì. Ìbọn ẹ ló fì sápá òsì. Látẹ̀yìn ni mo ti ń wò ó. Bí òkè yẹn ṣe dà ni ìwọ náà ṣe dà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé ọmọ bíríkìlà ni mí. Mo mọ ohun tí lẹ́fẹ́lì wà fún. Bàbá mi kì í fi ojú lásán mọ ògiri. Bí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, wọ́n á gbé lẹ́fẹ́lì lé e, wọ́n á wo omi inú rẹ̀, wọ́n á sì ta okùn ìwọ̀n sílẹ̀ látòkè. Wọ́n ní ojú ènìyàn máa ń bá ohun tó wọ́ rẹ́, á sì máa pè é ní gígún. Ohun tó ṣe mí lórí òkè yẹn gan-an nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ọta kì í lọ gbọnrangandan, bó ti ń lọ ló ń já bọ́. Nítorí náà, a ó yí kókó orí awò ìbọn kí ẹnu ìbọn lè gbé sókè ju ibi tí ojú ń wò lọ. Ọta 6.5 Creedmoor ni ràífù mi ń lò. Bí mo bá ti tò ó kí ó máa ba ojú àmì gan-an ní 100 yáàdì, ó ń fẹ́ kí n gbé e sókè ní nǹkan bíi mil 5 (mil ni ìwọ̀n igun tí a fi ń yí awò ìbọn) kí ó tó dé 700, àti mil 8.6 kí ó tó dé 1,000. Mil 1 ní 1,000 yáàdì jẹ́ íǹṣì 36. Ìyẹn ni pé ẹnu ìbọn ń wo ibi tó fi íǹṣì tó lé ní 300 ga ju àwo lọ. Bí ìbọn bá wá fì, gíga yẹn ò sí lókè gan-an mọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti di ẹ̀gbẹ́. Dígírì 1 péré á gbé ọta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní íǹṣì 5 àti díẹ̀ ní 1,000 yáàdì. Dígírì 3 á gbé e ní íǹṣì 16. Ní 700 yáàdì, dígírì 3 yẹn tó íǹṣì 6 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ àwo oní-íǹṣì 12 ò ní ju íǹṣì 6 láti àárín dé etí. Apá ibi tí ìbọn bá fì sí ni ọta ń gbà, á sì relẹ̀ díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí n kò fi rí i ní 100 yáàdì tí mo ti ń dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: níbẹ̀, gbogbo àṣìṣe náà jẹ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì péré. Ihò ọta mi ń wọnú ara wọn, mo sì rò pé ó ti tán.

Lẹ́fẹ́lì olómi ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ara awò, tí èéhó afẹ́fẹ́ kékeré kan ń rìn láàárín ìlà méjì. Ogójì dọ́là ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kò fẹ́ bátìrì, kò sì parọ́. Mi ò ní bú u láé. Àmọ́ ẹni ọdún 53 ni mí, ojú mi ti ń fẹ́ awò ìkàwé láti bí ọdún méje. Nǹkan tí kò jìnnà sí ojú ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kùrukùru ló máa ń rí sí mi. Ojú ọ̀tún mi á wà nínú awò, ojú òsì á máa wá omi inú lẹ́fẹ́lì, kò ní rí i. Màá gbórí sókè díẹ̀ kí n lè wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á kúrò lára ìdí ìbọn. Ìgbà tí mo bá fi máa gbórí padà, ìbọn á ti yẹ̀, aago ò sì dúró. Ibi tí mo ti mọ̀ pé lẹ́fẹ́lì tí mò ń wá ni èyí tí yóò bá ojú mi níbi tó wà nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ojú mi máa ń lọ wá kiri.

Ti oníná ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wò. Nínú wọn, ohun tó ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sínú sílíkọ́nì, irú èyí tó wà nínú fóònù wa tó ń jẹ́ kí àwòrán yí padà bí a bá dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń mọ apá ibi tí agbára ilẹ̀ ti ń fà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfà ilẹ̀ àti mímì ọwọ́ rẹ. Bí ìbọn bá ń mì, iná rẹ̀ á máa jó síwá sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọ̀ ọ́ jù, á máa pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìbọn á ti gún tán, iná á ṣì máa sọ pé ó fì. Ohun tí mo fara balẹ̀ wò jù nìyí, n kò sì rí i kà lára páálí kankan. Àfi kí o gbé e lọ́wọ́.

Mẹ́ta ni mo dánwò. Àkọ́kọ́, awò Sig Sauer tí ẹnìkan ní pápá ní, tó ní ohun tí wọ́n ń pè ní LevelPlex: àmì oníná inú awò fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún ọ bí ìbọn bá fì. Mo wojú rẹ̀, inú mi dùn, torí kò sí ibi tó tún sún mọ́ ojú ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n odidi awò tuntun ni màá rà, bẹ́ẹ̀ èyí tí mo ní ṣì dára, ojú mi sì ti mọ ìlà inú rẹ̀ bí ẹni mowó.

Ìkejì, mo ra ọ̀kan tí kò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ogún ọta péré ni mo yìn, ibi tó ń pè ní gígún ti yí padà. Ìbọn a máa tani léjìká, nǹkan tí a bá dè mọ́ ọn gbọ́dọ̀ lè fara da ìyẹn. Mo dá a padà.

Ìkẹta, ẹ̀gbẹ́ awò ni wọ́n ń dè é mọ́, iná kéékèèké ló tò sójú rẹ̀, pupa ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé láàárín. Àwọn bíi Send iT ti Long Range Arms ló jẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń díje. Ẹni kan yá mi ní tirẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé kan. Mo dùbúlẹ̀, mo wonú awò, mi ò wá nǹkan kan. Iná náà ń tàn létí ojú òsì mi, ó ń ṣe kùrukùru gẹ́gẹ́ bí ohun gbogbo tó bá sún mọ́ mi, àmọ́ kùrukùru pupa yàtọ̀ sí kùrukùru àwọ̀ ewé. Mi ò nílò kí n rí i kedere. Ara mi balẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti rí i. Owó rẹ̀ lé ní 200 dọ́là, mo fi oṣù méjì tù ú jọ.

Kí n tó sanwó, mo wo nǹkan díẹ̀ sí i. Ọ̀pá awò mi nípọn ní mílímítà 34, kì í ṣe 30, nítorí náà òrùka tí a fi ń de lẹ́fẹ́lì mọ́ ọn gbọ́dọ̀ bá a mu. Mo wò ó pé kò ní dí ọwọ́ mi bí mo bá ń fa bóòtù ìbọn, irin tí a fi ń ti ọta wọlé. Mo gbé e sójú oòrùn ọ̀sán Texas kí n rí i bí iná rẹ̀ á ṣì hàn, mo sì wò ó ní àṣálẹ́ bí mo bá lè dín in kù, kó má baà fọ́ mi lójú. Bátìrì rẹ̀ ni CR2032, irú èyí tó ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò púpọ̀, tí mo lè rà níbi gbogbo.

Wíwà rẹ̀ lórí ìbọn ò tíì jẹ́ nǹkan kan bí a kò bá tò ó bó ti yẹ, ibẹ̀ ni mo sì ti lo ọjọ́ méjì. Mo kọ́kọ́ wò ó pé ìbọn ṣófo, mo yọ bóòtù rẹ̀ kúrò. Mo so okùn ìwọ̀n sí igi ẹ̀yìnkùlé ní 25 yáàdì, mo ri irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú garawa omi kí afẹ́fẹ́ má baà máa fì í. Ọgbọ́n bàbá mi nìyẹn. Mo yí awò nínú òrùka rẹ̀ títí ìlà òòró inú rẹ̀ fi bá okùn dọ́gba, mo wá ń fún sùkúrù lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ní ìdàkejì ara wọn, torí awò máa ń yí bí a bá ń fún un. Ìgbà mẹ́ta ló yí mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ìlà ti wà lórí okùn ni mo ti tẹ lẹ́fẹ́lì pé ibí yìí ni gígún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé lẹ́fẹ́lì lé ara ìbọn, wọ́n á ní ó ti parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìbọn bá fì díẹ̀ nínú èjìká rẹ, tí awò sì gún, àdánù rẹ̀ kéré. Awò ni kó gún, torí awò ni a ń yí.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí pápá. Mo fa ìlà òòró gígùn sára bébà ní 100 yáàdì, mo fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, mo yìnbọn mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gbé awò sókè ní mil 10, mo sì tún yìn mẹ́ta, ojú mi ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ọta gòkè ní íǹṣì 36 lórí ìlà gan-an. Ó gòkè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìlà sílẹ̀ lápá òsì ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá íǹṣì, ìyẹn ni pé ó ṣẹ́kù bíi dígírì 1. Mo padà sídìí okùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ jókòó sórí ìlà kan náà.

Lẹ́fẹ́lì yìí gbà kí ènìyàn yan bí yóò ṣe rí kínníkínní sí. Mo kọ́kọ́ gbé e sí èyí tó rí nǹkan jù, iná ń jó bí abẹ́là lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá fi sí ìdajì dígírì. Ìyẹn ò ju íǹṣì 3 lọ ní 1,000 yáàdì, ọwọ́ mi sì lè dì í mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bá bo koríko, bátìrì kékeré máa ń rẹ̀, nítorí náà òmíràn wà nínú àpò àyà mi níbi tí ó móoru, mo sì kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ sára bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn.

A padà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn lóṣù tó kọjá. Pupa ló kọ́kọ́ tàn lósì. Mo fi ọwọ́ tì í díẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, mo fa tírígà. Irin ké lókèèrè. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló bà á.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n jẹ́ kí òun náà wò ó. Wọ́n dùbúlẹ̀ sídìí ìbọn, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Àbúrò, èwo ni pupa, èwo ni ewé? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi."

Mi ò mọ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá pé ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ wá tiwọn, èyí tí iná rẹ̀ ń fi ibi tó wà sọ̀rọ̀, òsì, àárín, ọ̀tún. Okùn ìwọ̀n mi ṣì wà lórí igi.