Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì mi l'Ájàṣẹ́

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ni mo gbé wá s'Ájàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Benin, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wakọ̀ n'Íbàdàn, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n ń gbà níbí, bí àwa náà ṣe ń gbà á ní Nàìjíríà látọdún 1972, kí ló wá fẹ́ le níbẹ̀? Ìwé ló le o. Bàbá tó wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ láísẹ́ǹsì náà sí ti ibí ṣáà ń fi bírò gbá orúkọ mi, ó ní nínú páásípọ́ọ̀tù orúkọ bàbá mi ló ṣáájú, nínú láísẹ́ǹsì ó wá lọ kẹ́yìn, pé ẹni méjì ni wọ́n. Ẹni méjì kẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páàtì mọ́tò l'Ouando ló là mí lójú: "Àbúrò, Faransé ni wọ́n ń kà, Gẹ̀ẹ́sì lo gbé fún wọn." Ló bá júwe ògbufọ̀ kan tó ti búra ní kóòtù fún mi, ní Kútọnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù dání lọ bá a, ibi tí gbogbo ẹ̀ wà nìyẹn, torí òun ló wò tó fi kọ "Nom", ìyẹn orúkọ bàbá, sọ́tọ̀, "Prénoms", ìyẹn orúkọ tèmi gan-an, sọ́tọ̀, ó wá lu òǹtẹ̀ pupa sí gbogbo ojú ewé, gbà, gbà, gbà. Mo tún búra àfídéfì pé ẹnì kan náà ni mí.

Ìgbà tí mo padà, bàbá yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn na rìsíìtì sí mi.