Bí ẹ ṣe lè yan jíípù kékeré tòkunbọ̀ fún lílọ-bíbọ̀ iṣẹ́ l'Ékòó

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowé, tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkejà tàbí ní Island lójoojúmọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè sáré. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, AC ń fẹ́, gíà wà ní D, ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, kò sì sí atẹ́gùn tó ń kan rédíétọ̀ àfi èyí tí fáànù bá fà wọlé. Ooru yìí ń ba ọkọ̀ jẹ́ l'Ékòó ju kòtò lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó wo ọdún ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀ tàbí ìjókòó aláwọ, ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tu ara rẹ̀, kí ẹ sì wo gíà rẹ̀. Ìyókù ṣeé tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Méjì wọ̀nyí ló ń gba owó ọkọ̀ tán lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí tó yẹ kí ẹ wá, àti èyí tó yẹ kí ẹ yàgò fún

Sílíńdà mẹ́rin ni kí ẹ bèèrè. Toyota RAV4 ọdún 2009 sí 2012 la fi síwájú. Ẹ́ńjìnnì 2.5 lítà tí wọ́n ń pè ní 2AR-FE ló wà nínú rẹ̀, ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì tó ń já, gíà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì onígíà mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀ dunjú. Àwọn kan á ní gíà mẹ́rin ti di ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gó-slòó, gíà tí kò ṣòro tún ṣe ló lérè.

RAV4 ọdún 2006 sí 2008 jọ ọ́ gan-an, àmọ́ ẹ́ńjìnnì 2.4, ìyẹn 2AZ-FE, ló wà nínú tirẹ̀. Àìsàn méjì ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Èkíní, ríìngì písítìnì rẹ̀ máa ń dí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Èkejì, ojú ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ń wọ̀ máa ń jẹ lápá ẹ̀yìn, omi á máa jò níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná títí tí gáskẹ́ẹ̀tì á fi lọ. Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n máa ń pààrọ̀ bọ́ńpà àti iná iwájú ọkọ̀ 2007 kó lè jọ ti 2010. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, 2.4L tàbí 2.5L á wà níbẹ̀. Kí ẹ sì ka nọ́ńbà VIN tó wà lábẹ́ dígí iwájú níhà awakọ̀ àti lára òpó ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmì 17 ni. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014.

RAV4 oní-V6 (sílíńdà mẹ́fà) dùn wà, ṣùgbọ́n ti lílọ-bíbọ̀ kọ́ ni. Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ 2010, sílíńdà mẹ́rin tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan fà jẹ nǹkan bíi lítà 10.7 fún 100 kìlómítà nínú ìgboro, V6 sì jẹ 12.4. Ẹni tó ń rin 50 kìlómítà lóòjọ́ fún ọjọ́ 22 á rin 1,100 lóṣù: lítà 118 sí 136 nìyẹn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á gbé méjèèjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo ládùúgbò yín sọ ọ́ di owó, pàápàá bó ṣe rí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023.

Honda CR-V 2007 sí 2011 dára, ti 2012 sí 2014 náà sì dára: ẹ́ńjìnnì 2.4, gíà márùn-ún. Láti 2015 ni wọ́n ti fi CVT, ìyẹn gíà aláìnípele tó ń lo bẹ́líìtì irin, sí èyí tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà. Ní ti 2002 sí 2006, ẹ wo AC dáadáa. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ máa ń fọ́ sínú, á sì tú ìrẹ́rún irin sínú gbogbo páìpù, débi pé pípààrọ̀ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ nìkan kì í wo ó sàn.

Ẹ yàgò fún Nissan Rogue 2008 sí 2013, bó ti wù kó pọ́n lójú tó. Nínú CVT, bẹ́líìtì irin ni páálì méjì (pulley, àgbá irin tó ń yí) ń fún láàárín. Tí ọ́ìlì bá gbóná jù, á ṣàn bí omi, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á sì máa ha irin páálì. Nissan fúnra rẹ̀ sún àtìlẹ́yìn (wáráńtì) CVT dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ títí dé ti 2010. Kia Sportage 2011 sí 2013 oní-2.0 tó ní tọ́bò wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ pè padà láti tún ṣe nítorí bíárìnì ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ. Wọ́n pe Ford Escape 2013 oní-1.6 náà padà, nítorí tó bá gbóná jù, orí ẹ́ńjìnnì lè sán kí ọ́ìlì jò, kí iná sì sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fà (4WD): ẹ kò nílò rẹ̀ fún ìgboro. Ó ń fi ṣáàfù gígùn àti gíà ẹ̀yìn kún ohun tó lè bàjẹ́. CR-V tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ á máa kérora bí ẹ bá ń yí sítíárì dé òpin. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, èyí tó nira fẹ́ni tó ń ra táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: bí ṣáàfù kò bá lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ gba VIN lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún yín, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí Google. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán ọkọ̀ náà ní ọjà gbàǹjo Copart tàbí IAAI á jáde, tí ẹ ó sì rí bó ṣe rí kí wọ́n tó kàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ojúewé NHTSA náà, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni, láti mọ ohun tí wọ́n pè é padà fún tí wọn kò tíì tún ṣe.

Èyí ṣe pàtàkì fún CR-V 2002 sí 2011, nítorí wọ́n wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà lórí báàgì afẹ́fẹ́ Takata. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù inú báàgì yẹn jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú ọjọ́ Èkó sì ní méjèèjì. Ọjọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ìkòkò irin rẹ̀ lè fọ́ lu èèyàn bí ọta ìbọn. Bí NHTSA bá ní wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wá CR-V mìíràn. A kò rí ìdí tí èèyàn á fi gbé ìyàwó àti ọmọ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Níwájú ọkọ̀

Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Kúláǹtì tó láwọ̀ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Omi lásán tó ti pọ́n bí ìpẹtà fi hàn pé ọkọ̀ ti ń gbóná tàbí pé ó ń jò. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde: bó bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá ki jù, ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi bo èéfín mọ́lẹ̀.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tíì ṣáná. Iná check engine àti ti SRS (ti báàgì afẹ́fẹ́) gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣáná, kí wọ́n kú. Iná SRS tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ: wọ́n ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ nítorí báàgì ti bẹ́ tẹ́lẹ̀. Tí CR-V bá dún gìrììrì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì bí ẹ ṣe ṣáná, eyín irin VTC rẹ̀, tó ń ṣètò ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí, ti ń jẹ nìyẹn. Ẹ fi owó rẹ̀ dín iye tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ wá tan AC dé òpin, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òǹtajà á máa kánjú yín. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi skánà OBD2, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ máa wo ooru omi ẹ́ńjìnnì. Láàárín 85°C sí 100°C ló yẹ kó wà, kí fáànù sì máa tan kó máa kú. Bó bá kọjá 105, ẹ pa á. Bí AC bá tutù nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó dúró, ẹ fura sí fáànù tàbí kọ́ńdẹ́ńsà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, ẹ tẹ tìrótù lẹ́ẹ̀kan. Èéfín aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ọkọ̀ jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó.

Skánà tún ní ibi tí wọ́n ń pè ní readiness, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ bóyá ó ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá jẹ́ «incomplete», ẹnì kan ti pa àṣìṣe inú ọkọ̀ rẹ́ láìpẹ́, tàbí ó yọ bàtìrì. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà á díẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbóná ni ká dán gíà wò. Ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, láti N sí D, láti N sí R: kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, láìta èèyàn síwájú. Ẹ wà á wọ inú gó-slòó gidi, kí ẹ dúró, kí ẹ tún lọ, lọ́pọ̀ ìgbà. Gíà tó dára lówùúrọ̀ tó wá ń jágbà lẹ́yìn ooru ti sún mọ́ òpin.

Ọkọ̀ tí omi ti mù

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi á wà níbẹ̀ torí pé àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ wo irin tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Òórùn dídùn tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹ kó kọ yín lóminú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kí wáyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, lẹ́yìn náà ni iná á máa tàn láìnídìí tí rewáyà kò sì ní rí ibi tó ti wá.

Ìwé, àti owó tó yẹ kó ṣẹ́ kù

Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba Kútọnu kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ wá jẹ́ fàyàwọ́, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dán tó, Kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Ẹ mú ìwé owó orí náà lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i pé VIN orí ìwé bá ti ara ọkọ̀ mu ní àmì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀: lítà 4.4 oní-0W-20 fún RAV4 2.5, lítà 4.2 oní-5W-20 fún CR-V 2007 sí 2011, pẹ̀lú fílítà. Lẹ́yìn náà ọ́ìlì gíà: Toyota WS fún RAV4, Honda DW-1 fún CR-V. Ẹ má gbà kí wọ́n da èyí tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu sí i. Táyà tòkunbọ̀ tó bá ọkọ̀ wá, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Èyí tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ dànù bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ ṣì jinlẹ̀.

Bí ẹ bá gbé RAV4 lọ fún alaínímẹ́ǹtì, ẹ dúró tì wọ́n lápá ẹ̀yìn. Toyota pe àwọn ti 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2011 padà nítorí náọ́tì tó ń di apá irin tí wọ́n fi ń tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe: bí wọn kò bá fún un le lẹ́yìn alaínímẹ́ǹtì, á máa mì, ojú rẹ̀ á dípẹtà, apá náà á sì lè já lórí eré. Kí wọ́n fi sípánà oníwọ̀n fún un níṣojú yín.