Ìjàpá tó dúró sẹ́yìnkùlé: bí ẹ ṣe lè mú un padà sójú títì

Ọ̀pọ̀ Volkswagen Ìjàpá tí koríko ti hù bò lẹ́yìnkùlé, kì í ṣe àìsàn ẹ́ńjìnnì ló gbé e síbẹ̀. Títú ló pa á. Ẹni tó ni ín fi ìtara bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan: ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó yọ ilẹ̀kùn méjèèjì, ó ha ọ̀dà ara rẹ̀, ó tú bíréèkì, gbogbo nọ́ọ̀tì sì wọnú garawa kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, owó ti tán, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí nọ́ọ̀tì wo ti jáde mọ́.

Nítorí náà, ohun tí ẹ kò bá ní lè dá padà sáyè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tú u. Ẹ mú apá kan, ẹ parí rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ lè dúró, kó tó rìn. Kó rìn, kó tó lẹ́wà. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kun ọkọ̀, iná wẹ́ẹ̀dà yóò jó ọ̀dà náà níṣojú rẹ̀.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí kò tíì wọ́n. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, nígbà ayé iléeṣẹ́ Volkswagen ibẹ̀, àwọn ará Mẹ́síkò sì ń ṣe é títí di 2003, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ lára rẹ̀ ṣì wà ní títun. Tí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ nígbà mẹ́ta: láti òkèèrè, láti ìtòsí, àti nígbà tó bá ti tú tán. Nọ́ọ̀tì ibì kan, ọ̀rá kan. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà sípánà tó tú u sórí bébà, kí ẹ jù ú sínú ọ̀rá náà, torí bíírò tí ẹ bá fi kọ ọ́ sára ọ̀rá yóò parẹ́ tí epo bá kàn án.

Irin abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Bátìrì wà lábẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, omi ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ irin tó jókòó lé. Ẹ fi sukurudíráfà gún irin náà. Èyí tó ṣì le yóò dún. Èyí tó ti jẹrà yóò gbà á wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì. Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ wo sípíríǹgì àga náà. Tí ẹnìkan tó sanra bá jókòó, sípíríǹgì lè kan orí bátìrì, kí àga gbiná. Bátìrì náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí rọ́bà tàbí ike lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gún irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì. Inú rẹ̀ ṣófo, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọnú ọkọ̀ nílẹ̀ olótùútù. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé a ò nílò rẹ̀ níbí nítorí oòrùn, ẹ má gbà. Irin yìí gan-an ló gbé ara ọkọ̀ ró. Ọ̀nà tí ẹ lè fi dán an wò rèé: ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá ń há, tàbí tí àlàfo etí rẹ̀ ti fẹ̀ níbì kan tó sì ti dín níbòmíràn, irin abẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Kí wẹ́ẹ̀dà tó gé irin yìí, ẹ ní kó kọ́kọ́ jó áńgù-irin méjì dábùú ojú ilẹ̀kùn, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kó gé, kó parí rẹ̀, kó tó gé ìkejì. Ọkọ̀ tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ pọ̀ láìdè é yóò tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní pa dé dáadáa mọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti di àpatì. Pọ́tì kò sì lè rọ́pò irin. Tí panẹlibítà bá fi pọ́tì dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn, ìpẹtà yóò máa jẹun lọ lábẹ́ rẹ̀.

Bíréèkì

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún márùn-ún, omi ti wà nínú ọ́ìlì rẹ̀, ìpẹtà sì ti há sílíńdà kékeré inú dírọ́ọ̀mù. Ẹ má wulẹ̀ tú u kí ẹ fi sáńpépà fọ̀ ọ́. Ẹ ra tuntun, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú họ́ọ̀sì rọ́bà. Họ́ọ̀sì tó ti gbó máa ń wú láti inú: tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì kọjá nítorí agbára ẹsẹ̀, tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò rí ọ̀nà padà, táyà kan á wá di bíréèkì mú, dírọ́ọ̀mù rẹ̀ á gbóná janjan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa pààrọ̀ sílíńdà lásán.

Láti tú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, nọ́ọ̀tì 36 ni ẹ máa bá. Ẹ yọ kọ́tápìn rẹ̀, kí ẹ sì tú u nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, torí ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì lè ṣubú lu yín. Tí ẹ bá ń dá a padà, ó fẹ́ agbára tó tó 300 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì). Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára lè fi páìpù mítà kan gùn ún, kó fi ìwọ̀n bíi kílò 30 tẹ ìdí páìpù náà. Tí ihò kọ́tápìn kò bá ṣe déédéé, ẹ dè é síwájú. Ẹ má tú u sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì yìí tó bá rọ̀, eyín inú dírọ́ọ̀mù ló ń jẹ, títí táyà kò fi ní yí mọ́ bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń yí.

Ẹ lo ọ́ìlì DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti orí táyà tó jìnnà jùlọ: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Kẹ̀kẹ́ eléyín méjì ló wà nínú dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan fún fífún bíréèkì. Ẹ yí i títí táyà yóò fi há, kí ẹ wá dá a padà ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń wọlẹ̀ jù lẹ́yìn gbogbo èyí, fífún bíréèkì ni kò tíì dọ́gba, ẹ tún yí i kí ẹ tó dá másítà, sílíńdà àgbà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, lẹ́bi.

Epo

Epo tó ti pẹ́ máa ń rùn bíi fánísì. Ẹ fà á dànù. Táńkì Ìjàpá ń gba bíi lítà 40, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì iwájú ló wà, bóòtù mẹ́rin ló dì í mú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ìpẹtà inú táńkì ló ń dí kàbúrétọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kì í ṣe kàbúrétọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Iná ti pa ọ̀pọ̀ Ìjàpá, orísun rẹ̀ kò sì pọ̀: rọ́bà tó ti sán, tàbí páìpù bàbà kékeré tó wọ orí kàbúrétọ̀. Wọ́n kàn tì í wọlé ni, kò ní ojú sukurúù. Tó bá gbóná fún ìgbà pípẹ́, á tú, epo á máa dà sórí ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìsìtíríbútọ̀ tó ń ṣẹ́ná. Ẹ fi ìka fà á. Tó bá mì, ẹ gbé orí kàbúrétọ̀ náà fún oníṣẹ́ tó lè gé ojú sukurúù sí i, kó sì de páìpù tó ní ojú sukurúù mọ́ ọn. Bákan náà ni rọ́bà róbótó tí páìpù epo gbà kọjá lára páànù iwájú ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá sí níbẹ̀, etí páànù yóò máa gé páìpù náà díẹ̀díẹ̀. Fílítà epo kò gbọ́dọ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ́ńjìnnì

Ẹ má sáré fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí tíì kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi sípánà 30 yí púlì ìsàlẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tó bá ti yí, ẹ di púlì náà mú, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Tí ó bá ń dún kò-kò, tí ìrìn rẹ̀ sì kọjá 0.15 mm, ilé ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ nínú. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fẹ́ títú pátápátá, ẹ má náwó kékèké lé e lórí.

Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ. Kò ní fílítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ irin kan ló wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́fà tí sípánà 10 ń tú ló dì í mú. Ẹ fọ asẹ́ náà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì bébà méjì tuntun sí i pẹ̀lú wáṣà tuntun. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dè é, bíi 7 Nm péré. Ìdí nọ́ọ̀tì wọ̀nyí wà nínú irin fífúyẹ́; ẹni tó bá fi gbogbo agbára dè é yóò fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ọ́ìlì á sì máa kán títí ayé.

Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì 0.15 mm ni, íńtéèkì àti ẹ́sọ́ọ̀sì bákan náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù bí òkúta. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù. Ẹ yí púlì títí àmì TDC (ibi tí písítìnì ti dé òpin ìrìn rẹ̀ lókè sílíńdà) yóò fi kọjú sí ìlà àárín ilé ẹ́ńjìnnì, tí rótọ̀ sì ń wo ẹnu kékeré tí wọ́n gé sétí dìsìtíríbútọ̀. Sílíńdà kìíní nìyẹn, apá ọ̀tún níwájú. Ẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wá yí púlì padà sẹ́yìn ní ìdajì yíyí fún sílíńdà kejì, ìdajì míì fún ìkẹta, ìdajì míì fún ìkẹrin. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀ kò ní pa ẹ́ńjìnnì. Èyí tó há tó sì dákẹ́ ló burú, torí fáàfù kò ní rí ibi fara tì láti tutù, á jóná. Sílíńdà kẹta ni èyí ti máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù dí atẹ́gùn rẹ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́.

Àlàfo kọ́ńtáàtì 0.4 mm, ti púlọ́ọ̀gì 0.7 mm, wáyà púlọ́ọ̀gì ní 1-4-3-2. Tó bá jẹ́ irú dìsìtíríbútọ̀ tí wọ́n ń pè ní 009 ló wà lórí rẹ̀, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ní dìgírì 30 ṣáájú TDC nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ kọjá 3,000 rpm (iye yíyí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan). Púlì lásán kì í ní àmì yẹn. Ẹ fi òwú wọn etí púlì yíká, ẹ ká òwú náà sọ́nà méjìlá dọ́gba. Ìdá kan péré ni dìgírì 30. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí àmì TDC lọ sápá ọ̀tún, kí ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá fi iná táímìn wò ó.

Atẹ́gùn ni omi Ìjàpá

Ọkọ̀ yìí kò ní rédíétọ̀, nítorí náà gbogbo páànù dúdú tó yí ẹ́ńjìnnì ká ni rédíétọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn máa ń jù ú sígbó torí ó ń dí ọwọ́ wọn lọ́nà. Láìsí páànù wọ̀nyí, àti rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká, atẹ́gùn gbígbóná láti abẹ́ ọkọ̀ á gòkè, fáànù á tún fà á mu, ẹ́ńjìnnì á sì máa mí èéfín ara rẹ̀. Ẹ wá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ yọjú sínú ilé fáànù náà pẹ̀lú: ọkọ̀ tó dúró pẹ́, ìtẹ́ eku àti ilé agbọ́n máa ń dí àárín sílíńdà, ẹ kò sì ní rí i láti òde.

Fáànbẹ́ẹ̀tì: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó wọlé bíi 15 mm. Wáṣà tó wà láàárín púlì dáínámò ni wọ́n fi ń ṣe é. Tó bá rọ̀, ẹ yọ wáṣà kan kúrò láàárín, kí ẹ fi í sí òde lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kó má sọnù. Tí iná pupa dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló ń yí fáànù.

Ìrìn àkọ́kọ́

Ẹ yọ wáyà àárín kọ́ìlì, kí ẹ ta ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ẹ tó dá wáyà padà. Ẹ̀rọ panápaná gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan lẹ́yìn ọkọ̀, bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn kó wà ní ṣíṣí, kí ojú yín wà lára rọ́bà epo. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà: 2312 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012, irú táyà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ojú títì. Afẹ́fẹ́ táyà iwájú 18 psi, ti ẹ̀yìn 27 psi. Tí fọ́gánáísà bá fún gbogbo rẹ̀ ní 32, iwájú yóò máa fò kiri.

Ẹ wa kìlómítà mẹ́wàá, ẹ dúró, kí ẹ na ọwọ́ sítòsí dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ há. Ní kìlómítà 500, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, ẹ dán nọ́ọ̀tì 36 wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wà á fún oṣù kan bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tó ti ṣá, kí ẹ tó pe oníọ̀dà.