Mímọ ìkòkò, mímọ ìwà: iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ìkòkò kékeré kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́ lẹ fẹ́ mọ, pẹ̀lú ìwà kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má mú ìwà méjì. Ẹ má sì mú "mo fẹ́ di èèyàn dáadáa". Ìyẹn ti fẹ̀ jù, kò ṣeé dì mú. Ẹ mú ohun tí ojú lè rí, tí ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí: kí n má fèsì nígbà tí inú bá ń bí mi, kí n máa jí ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Àfiwé amọ̀ àti èèyàn ti gbó lẹ́nu oníwàásù débi pé etí kì í gbà á mọ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ìgbà tí ìkòkò sán kọ́ ló bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí apá kan ń gbẹ tí apá kejì ṣì tutù. Èyí ni kí ẹ máa ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá amọ̀ kìló kan: gíráàmù 400 fún ara ìkòkò, ìyókù fún ọrùn àti fún àṣìṣe. Ẹ tún wá omi díẹ̀, fọ́ọ̀kì àtijọ́, abẹ́rẹ́, wáyà tín-ín-rín, òkúta dídán kan, ọ̀rá tí kò lu àti ìwé ìròyìn. Orí pákó tí a kò kùn ni kí ẹ ti ṣe é, torí amọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ike àti gíláàsì.

Dídán amọ̀ wò

Ẹ yí amọ̀ díẹ̀ gbọọrọ bíi pẹ́ńsù, kí ẹ wé e mọ́ ìka. Bí kò bá sán, ó ti tó mọ. Bí ó bá sán wẹ́wẹ́, omi rẹ̀ kéré, tàbí kò fà. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ pò ó, ẹ tún un dán wò. Bí ó bá ṣì ń sán, ẹ fi ọ̀rá dì í ní tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí omi lè wọ̀ ọ́ jinlẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín.

Amọ̀ tó kúnná jù dùn ún mọ, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì púpọ̀. Oògùn rẹ̀ ni àpáàdì: ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ da ìwọ̀n kan mọ́ amọ̀ ìwọ̀n márùn-ún. (Ẹ bo imú kí ẹ tó gún un, eruku yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.) Àpáàdì ti ko iná lójú rí, kò tún ní súnkì mọ́, òun ni yóò di ìyókù mú. Ṣùgbọ́n kó kúnná o. Èyí tó bá ju mìlímítà 2 lọ, òkúta ló máa dà nínú ògiri ìkòkò, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán.

Ìwà tí ẹ ti gbìyànjú rí tí kò bọ́ sí i náà ní àpáàdì tirẹ̀. "Mo ti kùnà rí" jẹ́ àfọ́kù ńlá, ọwọ́ ló máa ń gé. "Ọjọ́ kẹrin ni mo jáwọ́, lálẹ́, nígbà tó ti rẹ̀ mí tí mi ò sì tíì jẹun" ti kúnná. Ìyẹn ṣeé pò mọ́ amọ̀. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta irú rẹ̀ sábẹ́ ohun tí ẹ ti kọ.

Pípò

Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ti amọ̀ síwájú, ẹ ká a padà, ẹ tún tì í: ìgbà 60 sí 80. Ẹ fi wáyà gé e sí méjì. Bí ẹ bá rí ihò, ẹ gbá méjèèjì mọ́ra kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé afẹ́fẹ́ inú amọ̀ ló ń mú ìkòkò bú gbàù nínú iná. Omi ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́; ti afẹ́fẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí ògiri dọ́gba. Ìpele yìí kò ní àfiwé tí kò ní jẹ́ àsọdùn. Ẹ ṣáà pò ó.

Mímọ

Ẹ ṣù ú bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀ títí ìdí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà kan. Láti ìdí lọ sókè, àtàǹpàkò ń tẹ̀ ẹ́ nínú, ìka yòókù ń gbè é níta. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Etí ló yẹ kó fẹ́lẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá tètè mú etí fẹ́lẹ́, ẹnu ìkòkò rẹ̀ yóò ya gbàgà, yóò sì gbẹ ṣáájú ikùn. Kí ògiri nípọn tó mìlímítà 6 sí 8. Ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ níbi mẹ́ta láti fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ dí ojú ihò padà. Bí etí bá ń sán wẹ́wẹ́, ìka tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má bu omi lé e: á dán fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ìkòkò á jókòó bí ẹni tó rẹ̀.

Amọ̀ máa ń rántí. Bí ìkòkò bá tẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ẹ tì í padà, ojú yóò rí i pé ó ti tọ́, ṣùgbọ́n yóò tún tẹ̀ nígbà tó bá ń gbẹ, tàbí nínú iná. Ègé pẹlẹbẹ tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú amọ̀, ibi tí a bá tì wọ́n sí ni wọ́n ń kọjú sí. Nítorí náà, ẹ tì í kọjá ibi tó yẹ díẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó padà, tàbí kí ẹ pò ó látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàn pa ẹnu mọ́ nígbà tí inú rẹ̀ ń hó, títọ́ ojú lásán nìyẹn. Kó tì í kọjá: kó dìde kúrò níbẹ̀, kó sì fi èsì náà di ọ̀la, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àṣejù díẹ̀ kò burú.

Ibì kan wà tí àfiwé yìí ti yẹ̀. Ìkòkò ní amọ̀kòkò. Ẹni tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni amọ̀, òun náà ni ọwọ́, ọwọ́ kì í sì í rí ibi tó dì mú. Lẹ́yìn àyíká kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ wò ó yí ká. Fún ìwà, ẹ wá ẹnì kan tó ń rí yín lójoojúmọ́, kí ẹ máa bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ṣe é? Ẹ má bi í bóyá ẹ ti yí padà. Ìfẹ́ á mú un purọ́.

Ọrùn

Ẹ fi ọ̀rá bo ikùn fún wákàtí mélòó kan, títí yóò fi lè gbẹ́rù láì tẹ̀. Ẹ yí okùn amọ̀ tó nípọn bí ìka. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ha ojú méjèèjì, ẹ fi amọ̀ olómi tó ki bí ọ̀dà pa á, ẹ ká okùn náà lé e, kí ẹ fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀ mọ́ ikùn nínú àti lóde. Bí okùn bá tutù ju ikùn lọ, yóò súnkì jù ú lọ, yóò sì já kúrò lára rẹ̀, bó ti wù kí ẹ ha á tó. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ pé omi wọn kò dọ́gba, ẹ di odidi ìkòkò náà sínú ọ̀rá pinpin fún ọjọ́ kan sí méjì.

Jíjí ní aago márùn-ún tí a so mọ́ sísùn ní aago kan òru, okùn tútù lórí ikùn gbígbẹ ni. Kì í ṣe ìpinnu ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko tún àkókò sísùn ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan àkókò jíjí.

Gbígbẹ

Gbígbẹ kì í la ìkòkò. Kí apá kan gbẹ ṣáájú apá kejì ló ń là á. Èyí tó ga sẹ̀ǹtímítà 10 ní tútù máa ń súnkì sí nǹkan bíi 9.2 sí 9.5 kó tó wọ iná; nítorí náà, ẹ gbé e lé ìwé ìròyìn kí ìdí lè ráyè súnkì. Ẹ fi ọ̀rá bò ó wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa yí ọ̀rá náà sódì láràárọ̀, torí omi máa ń sẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tó bá le bí awọ, ẹ fi òkúta dán an. Tí etí bá ti lè gbé ara rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ìdí tó nípọn lè bá a dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ọ̀rá, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kúrò níwájú fáànù àti oòrùn. Bí etí bá gbẹ tí ikùn ṣì tutù, ẹnu á sán lóròó. Bí ìdí bá gbẹ̀yìn, ìdí á sán láàárín. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án: bó bá tutù lára yín, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ kanrin ló tètè ń fọ́ jù, ẹ má fi etí gbé e.

Bó bá sán ní gbígbẹ kanrin, ẹ má fi amọ̀ tútù lẹ̀ ẹ́. Amọ̀ tútù á súnkì, èyí tó ti gbẹ kò ní súnkì mọ́, ojú kan náà ni yóò tún sán. Ẹ fọ́ ọ sínú omi. Amọ̀ tó gbẹ tán máa ń tú ká fúnra rẹ̀; èyí tó gbẹ dé ààbọ̀ ló máa ń di kókó. Bákan náà, ẹni tó yẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, kó má fi "ọ̀la ni màá ṣe ìlọ́po méjì" lẹ̀ ẹ́. Kó dá a dúró fún odidi ọjọ́ kan, kó kọ ohun tó fà á, kó sì ka ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kìíní.

Iná

Ẹ jẹ́ kí ìléru wà nísàlẹ̀ 100°C fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Omi tó bá kù nínú ògiri tó sì di ooru máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ, ìyẹn ló ń fọ́ ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ìgbóná rẹ̀ fi ju 100°C lọ lé sí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí á fi kọjá 600°C. Láàárín 450 sí 600°C ni omi tó so mọ́ amọ̀ gan-an ń jáde. Láti ìgbà náà kò lè di ẹrẹ̀ mọ́. Ní 573°C, yanrìn inú rẹ̀ máa ń wú lójijì, bó bá sì ń tutù bọ̀, ibẹ̀ ló ti ń fún padà lójijì. Ẹ gbé e dé 950°C, ẹ pa iná, ẹ má sì ṣí ìlẹ̀kùn títí yóò fi wá sísàlẹ̀ 100°C. Ìkòkò tó la iná já láìsán ṣì lè sán nínú atẹ́gùn tútù. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ máa bi ẹlẹ́rìí yín ní ìbéèrè yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá rò pé ẹ ti borí.

Ẹ fi èékánná ta á. Bó bá dún gooro, ó dára. Bó bá dún kúkú, ó ti sán níbi tí ojú kò tíì rí. Ẹ bu omi sí i kí ẹ wo ibi tí ìlà rẹ̀ ti máa yọ. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ló ń làágùn, ìyẹn kì í ṣe àléébù, torí amọ̀ tí a sun ní 950°C ṣì máa ń mu omi. Ẹ fi àwo sábẹ́ rẹ̀.