Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Pààrọ̀ Ráútà Ilé

Tí wáìfáì bá ti ń ṣe ségesège, ráútà la kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Ó ti pẹ́ nílé, eruku ọyẹ́ ti bò ó, ó ti gbó lójú wa. Ọ̀pọ̀ á gbéra lọ sí Challenge ní Ìlọrin, wọ́n á ra tuntun tí eríà mẹ́rin nà lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e délé, ìyàtọ̀ ò sì ní sí.

Ẹ má rà á láìṣàyẹ̀wò. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà náà pẹ̀lú fóònù yín. Bí kò bá lọ dáadáa níbẹ̀, ẹ yọ síìmù inú rẹ̀, kí ẹ fi í sínú fóònù lójúkan náà. Bó bá ṣì ń falẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì tàbí dátà ló lẹ́jọ́ jẹ́. Ráútà 5G kò lè gbé 5G wá sí àdúgbò tí kò sí. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ geere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó ń kú ní yàrá kejì, ẹ yẹ ògiri wò ná. Ògiri amọ̀ inú agboolé àtijọ́ ní Òkè-Ìmàlè tàbí Pákátà nípọn, kì í sì í rọrùn fún 5 GHz (ìgbì wáìfáì ni, kì í ṣe 5G) tí ráútà tuntun fi ń yangàn láti là á kọjá. Ìgbì kejì, 2.4 GHz, ló máa ń rìn jìnnà jù, bí kò tilẹ̀ yára tó o. Ẹni tó bá sì kó ráútà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí eruku má bàa bà á, fúnra rẹ̀ ló dí i lẹ́nu. Ibi gíga láàárín ilé ló yẹ ẹ́. Ti onísíìmù, ẹ̀bá fèrèsé tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára jù ni.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni kí èèyàn fa wáyà ti àtijọ́ yọ kó tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ráútà yẹn mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nílé ò rántí mọ́: orúkọ wáìfáì, pásíwọ́ọ̀dù, APN, ìyẹn orúkọ ọ̀nà tí síìmù ń gbà dé íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn tó ń lo fáíbà, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà wọlé, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE tí ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tún lè wà níbẹ̀, èyí tí ẹni tó wá so ó tẹ̀ sínú rẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Bí pásíwọ́ọ̀dù PPPoE bá fara pamọ́, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó fa nǹkan kan yọ.

Bí ẹ bá wá fún tuntun ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà, lẹ́tà ńlá àti kékeré ò gbọdọ̀ yàtọ̀, fóònù Bàbá, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ọmọ tó wà ní Unilorin á wọlé fúnra wọn. Àmọ́ bó bá jẹ́ 12345678 lẹ ti ń lò, ẹ pa á tì. Kí ẹ sì yí pásíwọ́ọ̀dù admin tó bá a wá padà, èyí tí a fi ń wọ inú ètò ráútà fúnra rẹ̀. Lórí ààbò, ìyẹn irú àgádágodo tí wáìfáì ń lò, ẹ yan WPA2 àti WPA3 papọ̀: 2018 ni WPA3 jáde, bí ẹ bá yan òun nìkan, fóònù àtijọ́ Màámá lè wà níta. Ẹ má pa 2.4 GHz pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ò mọ òmíràn.

Ṣájà wá ńkọ́? Ihò rẹ̀ lè bára mu kí iná inú rẹ̀ má bára mu. Ráútà kan ń lo 5V, òmíràn 9V, òmíràn 12V. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú OUTPUT, iná tí ṣájà ń gbé jáde. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tún ní tirẹ̀. Bí INPUT, iná tí ṣájà ń gbà wọlé, bá jẹ́ 100-240V, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, iná 230V tiwa lè jó o kí ẹ tó parí bísímílà. Wọ́n sì ti lè tì í pa mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ọ̀hún, kó má gba síìmù tiwa. Ẹ mú síìmù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó ṣí nǹkan lójú yín kí owó tó kúrò lápò. Ọlọ́jà tó bá ní “Àfáà, ẹ ṣáà máa gbé e lọ, ó ń ṣiṣẹ́,” ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Àwọn kan máa ń so ti àtijọ́ mọ́ tuntun kí wáìfáì lè dé bọ́ìsìkọ́tà. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá pa DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, inú ti àtijọ́, tí ẹ sì yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kó má bá ti tuntun dọ́gba. Bí méjèèjì bá jọ ń pín àdírẹ́sì, wàhálà dé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á tàbí fi ta èèyàn lọ́rẹ, ẹ yọ síìmù rẹ̀ ná. NIN yín ló so mọ́ ọn. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi ṣe, orúkọ yín ni wọ́n á bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ lè parẹ́, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò RESET, kí ẹ dì í mú bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, títí àwọn iná iwájú rẹ̀ á fi kú tí wọ́n á tún tàn.