Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Blockchain Tọ́jú Dátà Ìwádìí Ìlera

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí ìlera ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí ẹ sì ń gbèrò láti lo blockchain, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú rẹ̀.

Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó wà lójú ewé kan ni wọ́n fi so èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹni tó bá dọ́gbọ́n yí nǹkan padà lẹ́yìn náà, àṣírí rẹ̀ á tú. Agbára rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́. Ó fún ẹni tó ni dátà ní ẹ̀tọ́ láti fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ sẹ́yìn, àti láti béèrè pé kí wọ́n pa dátà òun rẹ́. Ìyá tó fọwọ́ sí ìwé ní Òró lónìí lè ní òun kò ṣe mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé tí kò ṣeé pa rẹ́?

Ibi tí ẹ lè ṣàkóso ni kí fáìlì gidi wà. Hash rẹ̀, ìyẹn àmì kúkúrú tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú fáìlì náà, nìkan ni kó wọ blockchain. Bí fáìlì ṣe wù kó tóbi tó, hash tí wọ́n bá fi ìlànà SHA-256 ṣe fún un kì í ju àmì 64 lọ. Ẹ yí 130 padà sí 131 nínú fáìlì náà, hash rẹ̀ á yàtọ̀ pátá. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè Ẹsitóníà ṣe ń ṣe é: fáìlì aláìsàn kò sí nínú blockchain wọn, ẹ̀rí pé wọn kò fọwọ́ kàn án ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé hash bo gbogbo nǹkan. Àwọn kan á ṣe hash nọ́ńbà fóònù aláìsàn, wọ́n á ní ó ti di àṣírí. Rárá o! Nọ́ńbà 11 ni fóònù wa. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni; méje tó kù kò lè ju mílíọ̀nù 10 lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán á dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó mu omi tán. Kí ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ṣà láìtẹ̀lé ètò kankan, kí ìwé tó so nọ́ńbà náà mọ́ orúkọ sì wà ní títì níbòmíràn.

Yíyọ orúkọ nìkan kò tó pẹ̀lú. Ẹ kọ "obìnrin, ọmọ ọdún 67, amọ̀kòkò ní Dàda, Ìlọrin, àtọ̀gbẹ", ta ni ládùúgbò náà tí kò ní mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti agbolé ti tó láti dá èèyàn mọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Blockchain kì í mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Bí aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré jù fún apá aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ lójú ẹ̀rọ, blockchain á sì tọ́jú àṣìṣe náà títí láé. Ibi tí wọ́n ti ń gba dátà ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ẹ̀dà, ẹ fi owó ṣòfò ni, torí ẹni tó ni gbogbo rẹ̀ lè tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó di ìgbà tí ilé ìwòsàn, yunifásítì àti ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí bá jọ dì í mú kó tó ní ìtumọ̀. Lójú tèmi, ìwádìí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń fọwọ́ sí ohun tí ẹ bá kọ sínú blockchain, ẹ má fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Bó bá jápa ńkọ́?

Kí ìwé ìyọ̀ǹda sì sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, ìbáà ṣe Yorùbá, Nupe tàbí Fulani, pé a lè pa fáìlì rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n hash rẹ̀ á kù síbẹ̀. Ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí kí ẹ tó gba dátà ẹni àkọ́kọ́.